Ohun Tó Bá Kan Irun Ológbò, Inú Rẹ̀ Ló Ń Lọ

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan kan ń wọ́ nílẹ̀ nínú ilé ìdáná wa. Ìró náà wúwo ju ti eku lọ. Mo tan iná fóònù síbẹ̀, Músù ni mo rí. Ológbò wa ti fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ páálí gọ́ọ̀mù tí a dẹ fún eku lẹ́yìn fìríìjì. Níbi tó ti ń jà láti yọ ọwọ́, ó fi ìhà gbá a, ó fi ìrù gbá a, ó wá ń wọ́ páálí náà kiri bí ẹni tí wọ́n de pákó mọ́ lára. Ó ń ké ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Igbe yẹn jí ìyá àgbà tí a jọ ń gbé inú ọgbà. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ìró tí wọ́n so mọ́ àyà, ìgò kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ wọn.

“Ọmọ mi, gba èyí. Kẹrosíìnì ní í bọ́ gọ́ọ̀mù. Dà á sí i lára kíákíá, ká wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.”

“Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kàn án.”

“Kí ló dé? Ṣé a ní kó mu ún ni? Ara la ó fi pa.”

“Yóò mu ún, Mà. Bó bá ti kan irun rẹ̀, ó ti di mímu.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ológbò, wọ́n gbé ìgò náà kalẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo mọyì bí wọ́n ṣe gbọ́ sí mi lẹ́nu, nítorí n kò ráyè ṣàlàyé lákòókò yẹn. Àlàyé náà ni mo fẹ́ ṣe níbí, fún wọn àti fún gbogbo ẹni tó ń sin ológbò nílé.

Bí ológbò bá ti lá yín lọ́wọ́ rí, ẹ ó mọ̀ pé ahọ́n rẹ̀ ń họ ni lára bíi pépà tí káfíńtà fi ń dán pákó. Ẹ̀gún ló wà níbẹ̀. Ní 2018, Alexis Noel àti David Hu, olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Georgia Tech nílùú Atlanta, tẹ ìwádìí jáde lórí ahọ́n yìí. Wọ́n rí i pé ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bíi 290 ló wà lórí ahọ́n ológbò ilé, àti pé ṣóńṣó ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan ní ihò nínú bí ojú ṣíbí. Ohun kan náà tó di èékánná ló di ẹ̀gún wọ̀nyí. Ihò orí wọn ló ń fa itọ́ láti ẹnu, tó ń gbé e kọjá irun òkè lọ sí irun múlọ́múlọ́ ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ awọ. Bí ahọ́n bá ń padà, ó ń kó erùpẹ̀, irun tó ti kú àti ohun gbogbo tó bá pàdé bọ̀ wá sẹ́nu. Ọ̀fun ni àwọn ẹ̀gún náà kọjú sí, nítorí náà kò rọrùn fún ológbò láti tu ohun tó bá ti há sí wọn láàárín. Gbígbé ló ń gbé e mì. Ẹranko tó ń sùn tó wákàtí 14 lójúmọ́ yìí ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò tó fi lajú lá ara rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní wákàtí méjì lójoojúmọ́.

Ìdí nìyẹn tí ìwẹ̀ ológbò kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ awọ nìkan. Ohun yòówù tí a bá fi pa á lára, tí a kò fi omi ṣàn kúrò pátápátá, inú abọ́ oúnjẹ rẹ̀ la bù ú sí.

Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló tún mú ọ̀rọ̀ náà le. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti ajá ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà de àwọn oró kan mọ́ èròjà mìíràn kí ìtọ̀ lè gbé wọn jáde. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára ọ̀nà yẹn. Ẹran ni ìran rẹ̀ ń jẹ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn onímọ̀ sì rò pé nítorí pé kì í jẹ ewé àti gbòǹgbò, tí oró inú wọn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ara rẹ̀ ṣe pàdánù ohun ìjà náà. Ohun kan náà ló fà á tí hóró paracetamol kan ṣoṣo, tí àgbàlagbà ń lò sí ẹ̀fọ́rí láìronú lé e lórí, fi lè pa ológbò tó ti gbó.

Mo ti rí irú rẹ̀ rí, kí n tó mọ orúkọ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Ìbàdàn, a ní ológbò funfun kan tó ní àmì dúdú láàárín orí. Kòkòrò tíńtín tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀, bo ọrùn rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ họ ara títí tí ojú egbò fi yọ. Àwọn àgbà ilé bu omi sínú rọ́bà ìfọṣọ, wọ́n da oògùn apakòkòrò sí i, irú èyí tó máa ń funfun bíi wàrà bó bá ti kan omi, tí òórùn rẹ̀ ń rán ni létí ilé ìwòsàn. Wọn kò fẹ́ ibi fún un. Omi kan náà ni wọ́n fi ń wẹ àwa ọmọ nígbà tí ara bá ń yún wá. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi mìíràn ṣàn án, kí oògùn lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ológbò náà bọ́ sábẹ́ àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀. Ó lá a títí ọ̀sán. Nígbà tó di alẹ́, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò lè jẹun mọ́, ahọ́n rẹ̀ ti bó. Lọ́jọ́ kẹta, a sin ín sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Gbogbo ilé ní omi ló pa á. Wọ́n ní ológbò kì í wẹ̀, pé òtútù ti wọ̀ ọ́ léegun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gba èyí gbọ́, tí mo sì ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Omi kọ́. Èròjà ìdílé phenol ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tó ń funfun nínú omi, ọ̀kan lára àwọn oró tí ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú palẹ̀ nìyẹn. Ó ń bó ahọ́n àti ọ̀fun rẹ̀ nígbà tó bá ń lá a, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ara awọ pàápàá. A fi oògùn tó mọ́ ní ojú tiwa pa ẹran tí a fẹ́ràn, a wá di ẹ̀bi ru omi.

Kẹrosíìnì tí Màmá gbé wá náà kò sàn jù ú lọ. Ó ń bó awọ, bí ológbò bá sì ń lá a, ó lè gba ọ̀fun yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó dá àìsàn sílẹ̀ tó ṣòro wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹntiróòlù. Káńfọ̀ roboto tí a ń jù sáàárín aṣọ lóró fún un. Òróró igi tíì, tí wọ́n ń tà bí ohun àdáyébá fún awọ, lóró fún un. Ìyẹ̀fun àti omi oògùn tí wọ́n ń tà lọ́jà fún kòkòrò ara ajá, ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí permethrin níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ajá ń fara dà á, àmọ́ ológbò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì á sì gbé e.

Ní ti ọ̀tápíápíá, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Mo ti rí ẹni tó wọ́n ọn sára ọmọ ológbò nítorí kòkòrò. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, oró tó ń dojú kọ iṣan àti mímí. Ewu rẹ̀ fún ènìyàn gan-an pọ̀ débi tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fi fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, láti orí 100 mìlílítà wá sísàlẹ̀. Ohun tí ìjọba kò fẹ́ kó wà káàkiri ilé kò yẹ kó kan irun ẹranko tí yóò lá a.

Ọṣẹ wá ńkọ́? Mo nífẹ̀ẹ́ ọṣẹ dúdú, èmi fúnra mi ni mo fi ń wẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ológbò. Eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, eérú yìí sì ní agbára tó ń bó òróró ara kúrò. Awọ tiwa le, ó sì nípọn ju ti ológbò lọ. Bí wọ́n bá tún ti gún ewé àti egbò mọ́ ọn, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń fún un lá. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ológbò gan-an wà ní ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ẹranko àti ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹranko ní àwọn ìlú ńlá. Ìgò kan máa ń pẹ́ gan-an, nítorí pé a kì í wẹ ológbò lemọ́lemọ́.

A kì í wẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́ lóòótọ́. Ológbò tí irun rẹ̀ kúrú, irú èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, lè gbé ayé rẹ̀ tán láìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ara ológbò igbó tí wọ́n ń pè ní Felis lybica ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, ẹranko ilẹ̀ gbígbẹ ní Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn tó súnmọ́ ọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí ológbò kan ní erékùṣù Cyprus tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti àwa ti jọ ń gbé, síbẹ̀ kò fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ gba omi wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí irun rẹ̀ máa dán, òòyà ni kí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Àwọn tó nílò omi kò pọ̀. Ológbò onírun gígùn bíi ti Páṣíà, tí àwọn kan ń sìn báyìí ní Èkó àti Àbújá, irun rẹ̀ máa ń dì, ìgbẹ́ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ológbò Sphynx tí kò nírun lára ní láti máa wẹ̀ déédéé, nítorí òróró tí irun ìbá fà mu ń jókòó sórí awọ rẹ̀. Ológbò arúgbó, tàbí èyí tó sanra débi tí ẹnu rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn mọ́, nílò ìrànwọ́. Làpálàpá máa ń ran láti ara ológbò sí ara ọmọdé, dókítà ẹranko sì lè ní kí ẹ fi oògùn kan pàtó wẹ̀ ẹ́. Àwọn tó kù ni àwọn tí jàǹbá bá: èyí tó ṣubú sínú epo dúdú tí mẹkáníìkì tú nù, èyí tó fara kan ọ̀dà tàbí sìmẹ́ńtì tútù, àti irú Músù tiwa. Fún àwọn wọ̀nyí, kò sí pé bóyá a ó wẹ̀ ẹ́ tàbí a kò ní wẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá fọ epo náà kúrò, ológbò á fi ahọ́n fọ̀ ọ́.

Ní ti Músù, ìwé ìròyìn àná ni mo kọ́kọ́ fà ya, tí mo tẹ́ bo gbogbo ojú gọ́ọ̀mù tí ara rẹ̀ kò tíì kàn, kí ó má baà tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun tàbí èlùbọ́ lè ṣiṣẹ́ kan náà. Mo fi aṣọ ìnura bo orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, Màmá sì bá mi dì í mú. Wọ́n fẹ́ gbá a mú ní ìpàkọ́, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá ológbò ló ń fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti dàgbà, tí a bá fi ìpàkọ́ gbé, ìrora àti ẹ̀rù ló ń kó bá a. Aṣọ tí a fi wé e ṣinṣin, tí orí nìkan yọ síta, ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

Òróró ẹ̀pà tó kù nínú ìgò ni mo fi bọ́ gọ́ọ̀mù náà. Mo dà á sí etí ibi tó ti lẹ̀, mo fi ìka rà á wọ inú irun lọ díẹ̀díẹ̀, mo dúró. Òróró máa ń sọ gọ́ọ̀mù di rírọ̀, àmọ́ ó fẹ́ sùúrù. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí páálí tó fi ìhà rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ló pẹ́ jù, torí gọ́ọ̀mù ti wọ àárín ìka. N kò fà á, nítorí awọ ológbò fẹ́lẹ́, ó sì máa ń bá irun dìde nígbà tí a bá fà á. Ìdí yìí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ sáré mú àlùmọ́gàjí. Awọ tó dìde ni ẹ máa gé, ẹ ó rò pé irun ni. Ibì kan ṣoṣo ni mo gé lábẹ́ apá rẹ̀, mo ti ki òòyà sí ìsàlẹ̀ irun náà kí òòyà lè dá àlùmọ́gàjí dúró. Ká ní ojú tàbí ẹnu rẹ̀ ni gọ́ọ̀mù wà ni, n kò ní dán nǹkan kan wò nílé. À bá ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tó wà ní Abẹ́òkúta ní ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí páálí kúrò, ó ku òróró tí ó ti pò mọ́ gọ́ọ̀mù lára rẹ̀. Ìwẹ̀ wá kàn.

Nílẹ̀ wa, ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, wọ́n á bu omi lé e lórí, wọ́n á na apá rẹ̀, wọ́n á jù ú sókè kí wọ́n sì hán an. Ọmọ á ké títí, ara rẹ̀ á sì yá. Màmá ti wẹ ọmọ bẹ́ẹ̀ láìmọye, nígbà tí wọ́n sì rí omi, ọwọ́ wọn lọ sí igbá. Nínú gbogbo ọgbọ́n yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló bá ológbò mu: kí a fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò. Ara ológbò gbóná ju tiwa lọ díẹ̀, láàárín 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius. Omi tó dà bíi pé ó lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ọwọ́ tó ti mọ iná lè tutù fún un, tàbí kí ó jó o. Bí ìgbọ̀nwọ́ kò bá mọ̀ ọ́n ní tútù, tí kò sì mọ̀ ọ́n ní gbígbóná, ó tó.

Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó gbé ológbò sún mọ́ omi. Mo ti bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ní bàlùwẹ̀, torí ariwo ẹ̀rọ omi máa ń dẹ́rù bà á ju omi fúnra rẹ̀ lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dé ihò ṣáláńgá. Mo po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ pọ̀ mọ́ omi nínú ife, nítorí òróró ni mo fẹ́ bó. Irú ọṣẹ yẹn wà fún jàǹbá nìkan, ó ń gbẹ awọ púpọ̀ jù fún ìwẹ̀ lásán. Mo gé ṣóńṣó èékánná rẹ̀, ibi tó funfun nìkan, n kò dé ibi tó pupa nínú níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Bí irun ológbò yín bá gùn, ẹ yà á kí omi tó kàn án, nítorí irun tó ti dì máa ń dì sí i nígbà tó bá tutù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ rọ́bà ìwẹ̀. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni ológbò ń sá fún. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá rí ibi dúró sí, á rò pé òun ń rì, á sì gun apá yín lọ sókè. Mo ká aṣọ ìnura ògbólógbòó sí méjì sínú rọ́bà, mo bu omi tó jìn tó ìka mẹ́rin sí i, mo gbé Músù sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan lábẹ́ àyà. Ó ké lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ òun di nǹkan mú, ó dákẹ́, ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Láti ọrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń fi ife bu omi sí i lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹ má da omi sí i lórí. Omi tó bá wọ etí rẹ̀ kì í tètè jáde, ó sì lè di egbò. Ojú àti imú, aṣọ tútù tí a fún ló yẹ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò ló gbé yín dé ibi ìwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìfófòó ọṣẹ yí ọrùn rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ tó kan ibòmíràn. Tí kòkòrò bá ti gbọ́ òórùn omi, orí ni wọ́n ń sá lọ, sínú etí àti ìpéǹpéjú, níbi tí ọwọ́ yín kò ní lè lé wọn dé. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù méjì kì í ṣe ẹni ìrìbọmi. Ara rẹ̀ kò lè mú ooru dúró. Òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra àti aṣọ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi yọ kòkòrò rẹ̀, kí ẹ sì tètè ṣe é, nítorí kòkòrò púpọ̀ lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ológbò títí yóò fi kú.

Ọṣẹ kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ṣíṣàn ló gbà mí lákòókò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tán, mo fi ìka ra irun rẹ̀, ó ṣì ń yọ̀. Mo tún fi ọṣẹ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì tán, omi ìsàlẹ̀ ṣì ní ìfófòó. Màmá ní ó ti tó, pé ọmọ náà ti ń gbọ̀n. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń káàánú ológbò lọ́nà tó ń pa á lára. Wọ́n á sáré gbé e jáde nítorí igbe rẹ̀, wọ́n á fi ọṣẹ tó kù sílẹ̀ fún ahọ́n. Mo ṣàn án títí omi fi mọ́ lábẹ́ rẹ̀, tí irun rẹ̀ ń dún kín-ín kín-ín lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá jẹ́ ìwẹ̀ lásán ni, mẹ́wàá ti pọ̀ jù.

Ẹ máa wo ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Etí tó lẹ̀ mọ́ orí àti igbe, ìbẹ̀rù lásán ni. Bó bá la ẹnu, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi sílẹ̀ kó sinmi. Ológbò kì í mí bẹ́ẹ̀ láìnídìí. Bó bá sì bù yín jẹ, ẹ má wo kékeré ojú egbò náà. Eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń gbin kòkòrò àrùn jìnnà sínú ẹran ara. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì yẹ gbogbo ológbò tó ń jáde síta.

Aṣọ ìnura mẹ́ta ni mo fi gbẹ ara rẹ̀. Títẹ̀ ni mo ń tẹ̀ ẹ́, n kò gbo ó, nítorí gbígbo máa ń mú irun dì, ó sì ń bí ológbò nínú. Irun ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń mu omi bíi kànrìnkàn, ó sì máa ń tutù fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ti òkè bá ti gbẹ. Mo pa fáànù. Ìgbà ọyẹ́ ló le jù, torí atẹ́gùn rẹ̀ ń gba ooru lára ẹranko tó tutù kí a tó mọ̀. Lásìkò yẹn, ọ̀sán gangan ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ jàǹbá. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun kò wù mí, ariwo rẹ̀ ń dá wàhálà sílẹ̀ ju bó ti ń gbẹ lọ. Oòrùn iwájú ilé, pẹ̀lú ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ológbò lè yàn fúnra rẹ̀, ló dára jù lójú mi.

Ológbò kejì wa kò dá Músù mọ̀ nígbà tí a gbé e jáde. Ó wú irun, ó fín sí i, ó sì fẹ́ lù ú. Òórùn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn, omi àti ọṣẹ sì ti kó ti Músù lọ. Mo fi aṣọ tí Músù máa ń sùn lé nù ún lára láti orí dé ìrù. Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti jọ wà lórí àga kan náà. Gọ́ọ̀mù yòókù tó wà nílé, mo kó o dà nù. Pańpẹ́ tó ní ilé onípákó, tí ihò rẹ̀ kò gba ọwọ́ ológbò, ni mo rà dípò.

Nírọ̀lẹ́, mo dá ìgò kẹrosíìnì padà fún Màmá. Músù ti ṣíwájú mi débẹ̀, ó na ara rẹ̀ sórí ẹní wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi tí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ ọn jù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ gbé e. Màmá nawọ́ dá mi dúró. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ti imú bọ inú irun ológbò náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí ìrù.

“N kò gbọ́ òórùn òróró,” ni wọ́n wí. “N kò gbọ́ ti ọṣẹ. Jẹ́ kó máa lá a.”